Mo fẹ́ gba ìwé ẹnjinníà bàálù láì fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, Abẹ́òkúta ni mo wà

Ọmọ_Ìtókù27

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Ọmọ ọdún 27 ni mí, ND ni mo ní nínú mechanical, iléeṣẹ́ kan lápá Ọ̀bàntoko ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń tún àwọn ẹ̀rọ wọn ṣe, jẹnẹrétọ̀, kọ̀mprẹ́sọ̀, bẹ́líìtì tó ń gbé ẹrù. Mọ́ńdè sí Fúráídè, aago 8 sí 5, pẹ̀lú Sátidé kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Láti kékeré ló ti ń wù mí kí n máa ṣiṣẹ́ lára bàálù. Títún un ṣe ni mò ń sọ o, kì í ṣe wíwà á, màmá mi ti ń sọ fún gbogbo aládìrẹ ní Ìtókù pé páílọ́ọ̀tì lọmọ òun fẹ́ dà.

Ibi tó ti há ni pé wọ́n ní ìwé nìkan ò tó, àfi kéèyàn ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára bàálù fún iye ọdún kan. Mi ò sì lè fiṣẹ́ sílẹ̀, ìyàwó mi ń retí ọmọ, owó ilé ń bọ̀ ní Dìsẹ́ḿbà. Háńgà kankan, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe, ò sì sí ní Abẹ́òkúta tí mo lè yà sí tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹnì kan ní ọdún 4 tí mo ti lò nídìí jẹnẹrétọ̀ máa kà. Ẹlòmíì tí mo pàdé lórí WhatsApp ní kí n mú 350,000 náírà wá, òun á wá ẹni tó máa buwọ́ lu lọ́gíbúùkù mi, ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ tí a ti ṣe sí, bíi pé mo ti ṣe ọdún 2. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó wà l'Amẹ́ríkà ní ti ọ̀dọ̀ àwọn ni kí n gbà, pé ó yá jù. Orí mi ti dàrú. Ta ló ti ṣe é díẹ̀díẹ̀ rí, lópin ọ̀sẹ̀ tàbí lálẹ́, tí iṣẹ́ oṣù ò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀?

Láfẹnwá_Mótò

Àbúrò má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà ẹ́. Ẹ́ńjìnnì lẹ́ńjìnnì ń jẹ́. Mo ti tú Toyota, mo ti tú Mercedes, mo ti tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́, epo, afẹ́fẹ́, iná, ohun kan náà ni gbogbo ẹ̀. Kọ ọdún 4 ẹ sílẹ̀, kí ọ̀gá ẹ lu sítáǹbù sí i, kó o lọ ṣèdánwò. Gírámà lásán làwọn èèyàn yìí ń fi iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹ̀gbọ́n_Háńgà

Láfẹnwá, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ ti ọmọ ọlọ́mọ sí kòtò. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà nídìí bàálù n'Ìkẹjà, làísẹ́ǹsì wà lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Ohun tí ICAO, àjọ ọkọ̀ òfuurufú àgbáyé, kọ sínú Annex 1, ìwé òfin wọn lórí làísẹ́ǹsì, tó jẹ́ pé òun ni NCAA tiwa, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, fi ṣe ìpìlẹ̀, ni pé ẹni tó bá fẹ́ gba làísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18, kó sì ti lo ọdún 4 nídìí àyẹ̀wò àti ìtọ́jú bàálù. Tó bá ti ka ẹ̀kọ́ níléèwé tí wọ́n fọwọ́ sí, ó di ọdún 2. Irú iléèwé bẹ́ẹ̀ ni NCAT tó wà ní Zaria láti 1964. Bàálù ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò kọ jẹnẹrétọ̀. Ọmọ Ìtókù, lọ ka Nig.CARs Part 2, òfin NCAA lórí làísẹ́ǹsì, fúnra ẹ, orí ayélujára NCAA ló wà, ọ̀fẹ́ ni, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kà á fún ẹ.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ pé ẹ́ńjìnnì lẹ́ńjìnnì ń jẹ́. Lọ́dún 1990, ní Jùn, bàálù BAC 1-11 kan gbéra ní Birmingham ní ìlú Ọba, ó ń lọ sí Málaga. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ gíláàsì iwájú ẹ̀ lóru ni. Bóòtù 90 ló di gíláàsì náà mú. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yẹn ò ṣí ìwé, ó mú bóòtù tó tú kúrò lọ sí ibi tí wọ́n ń kó bóòtù sí, ó fojú wọ̀n ọ́n, ó ṣa àwọn tó jọ ọ́. 84 nínú wọn ló fi 0.026 inch tẹ́ẹ́rẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ bá mi wo 0.026, kò tó mìlímítà kan. Bàálù ò tíì fò jìnnà tí gíláàsì fi já lọ, afẹ́fẹ́ fa kápítéènì síta láti ìbàdí sókè, àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù ló di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú títí ìkejì ẹ̀ fi gbé e balẹ̀ ní Southampton. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú. Ẹni tó fi bóòtù sí i kì í ṣe ọ̀lẹ o, ògbóǹtarìgì ni, ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Bí a ṣe ń fojú wọn bóòtù ní ṣọ́ọ̀bù mọ́tò náà ló fojú wọ̀n ọ́n.

Torí náà àbúrò, ọdún 4 jẹnẹrétọ̀ ẹ wúlò fún ọwọ́ ẹ, kò wúlò fún lọ́gíbúùkù. Tó o bá bi mí, fiṣẹ́ sílẹ̀ kó o lọ Zaria. Ìdajì-ìdajì kì í jẹ́ kí iṣẹ́ yìí wọ ara.

Láfẹnwá_Mótò

Ẹ̀gbọ́n, 84 nínú 90? Haa. Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀, tíyàwó ẹ̀ lóyún, ta ló máa san owó ilé, ẹ̀yin ni?

Àbíkẹ́_Texas

Ẹ n lẹ́ o. Ọmọ Kẹ́mta ni mí, Texas ni mo ń gbé, mo ní A&P, làísẹ́ǹsì ibí fún títún ara bàálù àti ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣe, díẹ̀díẹ̀ ni mo sì ṣe é, nítorí náà kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe.

Bó ṣe rí níbí ni pé èèyàn lè lọ iléèwé tí FAA, àjọ ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí, tàbí kó mú ẹ̀rí wá pé òun ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀rí yẹn, oṣù 18 ni tó bá jẹ́ ara bàálù nìkan tàbí ẹ́ńjìnnì nìkan lo fẹ́, oṣù 30 tó bá jẹ́ méjèèjì pọ̀. Oṣù ẹni tó ń ṣiṣẹ́ odidi ọjọ́ ni wọ́n ń sọ, wákàtí 160 lóṣù. Ẹni tó bá ń ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ mìíì, wákàtí ló máa kà, oṣù 30 jẹ́ wákàtí 4,800. Èmi, ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, pẹ̀lú Sátidé wákàtí 8. Ogún wákàtí nìyẹn. Ẹ pín 4,800 sí 20, ọ̀sẹ̀ 240. Mo bímọ láàárín ẹ̀, mo dúró díẹ̀, ó lé lọ́dún 5 kó tó pé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọdún kan ni, irọ́ ló ń pa.

Ibi tí mo ti ṣe é kì í ṣe iléeṣẹ́ ńlá. Pápákọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa, bàbá àgbàlagbà kan níbẹ̀ ló ń tún Cessna 172 àti Piper àwọn èèyàn ṣe. Mo kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n máa gbálẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé mo mọ̀ pé òun ò ní sanwó. Oṣù 2 ni mo fi gbálẹ̀ lóòótọ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fún mi ni fílítà óìlì: a máa fi ọ̀bẹ fílítà gé agolo ẹ̀ yípo, kí irin má já sínú ẹ̀, a ó yọ bébà inú ẹ̀, a ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì bí ẹni tẹ́ aṣọ, a ó máa ṣí i ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po lábẹ́ iná. Tó o bá rí ohun tó ń dán, fi mágínẹ́ẹ̀tì tọ́ ọ. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, ọ̀rọ̀ ti dé. Èyí tí kò lẹ̀, bóyá alumíníọ̀mù ni, ọ̀rọ̀ mìíì nìyẹn. Bàbá yẹn á dúró lẹ́yìn mi, kò ní sọ̀rọ̀. Òfin ibí ni, ẹni tí kò ní ìwé lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ní in, ṣùgbọ́n ẹni yẹn gbọ́dọ̀ wà nítòsí kó máa fojú ara ẹ̀ wo iṣẹ́ náà, kó sì ṣeé bi léèrè. Kì í ṣe kó wà nílé kó máa buwọ́ lùwé. Àyẹ̀wò ọdọọdún gan-an, kó o sọ pé bàálù yìí dára tàbí kò dára, wọn ò gbà kí ọmọ iṣẹ́ ṣe ìyẹn rárá.

Ìgbà tó pé, bàbá kọ lẹ́tà, mo kó ìwé mi lọ bá òṣìṣẹ́ FAA pẹ̀lú fọ́ọ̀mù 8610-2, ó bi mí lọ́rọ̀ tó wákàtí kan kó tó buwọ́ lù ú. Ìdánwò mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà, 70 ni èèyàn gbọ́dọ̀ gbà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ti ẹnu àti ti ọwọ́.

Ọmọ Ìtókù, sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò pé. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tí kò sì ní ìwé ìgbélùú ibí, tó bá wà lókè òkun, FAA ò ní fún un ní ìwé yẹn níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá rí i pé bàálù tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà nílò ẹ̀. Tó o bá dé ibí lọ́jọ́ kan, wákàtí tó o ti kọ sílẹ̀ dáadáa lè bá ẹ wá. Ti NCAA ni kó o kọ́kọ́ lé.

Ìyá_Ìbejì_Avionics

Ẹ̀gbọ́n Háńgà, ẹ kú iṣẹ́ sà, ṣùgbọ́n ohun méjì ni mo fẹ́ tún ṣe nínú ọ̀rọ̀ yín.

Àkọ́kọ́, Annex 1 tí ẹ kà, "bàálù tàbí ẹ̀yà ara rẹ̀" ló wà níbẹ̀. Ẹ fo ẹ̀yà ara. Kì í ṣe abẹ́ ìyẹ́ bàálù nìkan lèèyàn ti ń kọ́ṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù wà tó jẹ́ pé táyà àti bíréèkì ni wọ́n ń ṣe, òmíràn bátìrì, òmíràn sìlíńdà atẹ́gùn. Irú àwọn wọ̀nyí máa ń gba ọmọ iṣẹ́ ju àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lára bàálù gan-an lọ, ọ̀pọ̀ wọn ò sì sí lẹ́yìn géètì tó ń béèrè ODC. Ọmọ Ìtókù, ODC ni káàdì tí FAAN, àjọ tó ń bójú tó pápákọ̀ òfuurufú wa, ń fúnni láti wọ ibi tí bàálù wà, iléeṣẹ́ ló ń bá òṣìṣẹ́ gbà á, o ò lè dá lọ gbà á fúnra ẹ, má jẹ́ kẹ́ni kankan tà á fún ẹ.

Ìkejì, kì í ṣe dandan kó fiṣẹ́ sílẹ̀. Èmi tíṣà físíìsì ni mí nígbà yẹn. Bàálù tó ń fò láàárín ìlú wa níbí, ọ̀sán ló ń ṣiṣẹ́, ìgbà tó bá sùn là ń tú u. Òru ni iṣẹ́ pọ̀ jù ní háńgà. Mo lọ bá ọ̀gá kan pé kó jẹ́ kí n máa wá ní alẹ́ Fúráídè àti alẹ́ Sátidé, ó ní ọmọ tíṣà kí lo fẹ́ ṣe, mo ní kẹ́ ẹ dán mi wò. Iná ọwọ́ ni mò ń dì mú fún wọn fún oṣù mẹ́ta. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá mọ iná dì mú, ojú ẹ̀ á rí ibi tí ọwọ́ ọ̀gá ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn wáyà, mo ń ka wiring diagram, mo wá bọ́ sí avionics, iṣẹ́ iná àti ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ inú bàálù, pátápátá. Mo ṣì lọ ka ẹ̀kọ́ náà níléèwé nígbẹ̀yìn, àmọ́ kò dà bí àjèjì sí mi.

Ẹ̀gbọ́n_Háńgà

Ìyá Ìbejì, lórí ẹ̀yà ara, mo gbà, ẹ ṣeun. Lórí òru, mi ò gbà.

Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ láti aago 8 sí 5 l'Ọ̀bàntoko, tó wá wọkọ̀ wá Ìkẹjà, tó tún wá dúró lórí àkàbà ní aago 3 òru, ọkùnrin yẹn ò sí láyé mọ́, ara ẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Nínú ohun 12 tí a máa ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ pé ó ń fa àṣìṣe, àárẹ̀ wà níbẹ̀. Bóòtù ọjọ́ Birmingham yẹn gan-an, láàárín aago 3 sí 5 òru ni wọ́n dì í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo wà ní òru kan, ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. A ń palẹ̀ mọ́, mo wo pátákó tí a ya àwòrán spánà kọ̀ọ̀kan sí, àyè sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 ṣófo. Mo ní bóyá ẹlòmíì ló mú un. Kò sẹ́ni tó mú un. Bàálù ò lè lọ. Gbogbo wa, títí kan ọ̀gá, la dojúbolẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì láti aago 4 títí ilẹ̀ fi mọ́, èrò ti ń tò ní tẹ́míná. Ibo ni mo ti rí i? Nínú sọ́kísì mi. Ó já bọ́ látinú àpò, ó wọ bàtà, ó rẹ̀ mí débi pé mi ò mọ̀ pé irin wà lẹ́sẹ̀ mi. Ọ̀gá ò bú mi. Ó wò mí ṣá.

Ìyá_Ìbejì_Avionics

Ẹ̀gbọ́n, nínú sọ́kísì ke! 😂 Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pàdé láàárín. Tó bá jẹ́ alẹ́ Fúráídè, kó gba ìsinmi ìdajì ọjọ́ kó sùn kó tó wá, kò sì gbọ́dọ̀ wakọ̀ padà láàárọ̀. Tí kò bá rí ìyẹn ṣe, Sátidé ọ̀sán ni kó bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù táyà tàbí bátìrì. Lórí ìyẹn mo fara mọ́ yín.

Ojú_Mi_Ti_Là

Mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 350,000 yẹn ni kò jẹ́ kí n dákẹ́.

Mo san irú owó yẹn rí. Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan. Wọ́n kó lọ́gíbúùkù tó ti kún fún mi, sítáǹbù wà níbẹ̀, ó rẹwà. Mo lọ jókòó níwájú àwọn tó ń bini léèrè. Bàbá tó wà láàárín ṣí i, ó ní "o ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí 32 o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní kí ni 32. Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ náà ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, ATA 32, ẹsẹ̀ bàálù ni, ọmọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan mọ̀ ọ́n. Ó tún ṣí ojú ewé mìíì, ó fi ìka sórí nọ́ńbà bàálù kan, 5N báyìí báyìí, ó ní ọjọ́ tí ìwọ sọ pé o pààrọ̀ bíréèkì ẹ̀ l'Ékòó, bàálù yìí wà lókè òkun fún àyẹ̀wò ńlá, òun gan-an ló tẹ̀ lé e lọ. Ó pa ìwé náà dé, ó rọra tì í padà sí mi. Ìtìjú yẹn ṣì wà lára mi. Ó ti gbà mí lọ́dún mélòó kan báyìí kí n tó rí ẹni tó gbà kí n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ayé iṣẹ́ yìí kéré, wọ́n mọ ara wọn. Àbúrò, fi owó yẹn ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ.

Ọmọ_Ìtókù27

Mo ti bú ẹni WhatsApp yẹn, mo ti dí i pa. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Ìbéèrè mi kù mẹ́ta. Ṣé pápákọ̀ òfuurufú tiwa nípìnlẹ̀ Ògùn, ti Ìpẹru yẹn, ò lè ràn mí lọ́wọ́, ó ṣáà sún mọ́ mi ju Ìkẹjà lọ? Kí ni mo lè máa fi ọwọ́ ṣe nílé kí n má baà lọ dúró bí ère níbẹ̀? Àti pé báwo lèmi tí mo wà l'Abẹ́òkúta ṣe máa ń dé Ìkẹjà láàárọ̀ Sátidé láì pẹ́?

Ọmọ_Ladérin

Ti ìrìnnà, fi sílẹ̀ fún mi. Tó o bá gba Ìta-Ọ̀ṣìn, Ifọ̀, Sángo, ọ̀nà yẹn á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, o ò ní mọ ìgbà tó o máa dé. Kútọ̀ gba Ṣágámù dáa díẹ̀ títí dé Berger, lẹ́yìn ìyẹn adúrà ni. Èmi, rélùwéè ni mò ń wọ̀, Ladérin ni stéṣọ̀n wa wà, Wọlé Ṣóyinká ni wọ́n sọ ọ́, o máa sọ̀ l'Ágége, Ìkẹjà ò jìnnà síbẹ̀ mọ́. Wo àkókò tó ń gbéra kó o tó bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn o, torí wọ́n máa ń yí i padà, tó bá sì já ẹ sílẹ̀, ó já ẹ sílẹ̀ nìyẹn. Mọ ìgbà tó ń padà náà. Mo ti sùn l'Ágége rí torí ìyẹn.

Ti Ìpẹru, ibi tí bàálù ń balẹ̀ kọ́ là ń wá, ibi tí wọ́n ti ń tú u ni. Ohun táa ń wá ni AMO, iléeṣẹ́ tí NCAA fún láṣẹ láti tún bàálù ṣe. Ibikíbi tó bá wà ni kó o lọ, Ìpẹru ni o, Ìkẹjà ni o.

Ẹ̀gbọ́n_Háńgà

Ohun tó o máa ṣe nílé: lockwire, wáyà tí a fi ń so bóòtù mọ́ra kó má baà tú. Kò ní wọ lọ́gíbúùkù, má kọ ọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fún ẹ ní plier, ojú ò ní tì ẹ́.

Wá bóòtù méjì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin kọ̀ndẹ́ḿ. Fi dírìlì tẹ́ẹ́rẹ́ lu orí wọn já láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Dì wọ́n mọ́ irin pẹlẹbẹ, kí wọ́n fi nǹkan bí inch méjì jìnnà síra. Wá wáyà 0.032 inch. Fi ẹnu wáyà kan gba inú ihò bóòtù àkọ́kọ́ kọjá, fi ìkejì yí orí bóòtù náà ká, fà á kó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, kó o wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Inú inch kan gbọ́dọ̀ ní ìlọ́ 6 sí 8. Tó bá kéré sí ìyẹn, ó dẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, wáyà á gan, á kán nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n. Ibi tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ ti ń ṣìnà ni ibi tí wáyà ń fà sí. Ó gbọ́dọ̀ máa fa bóòtù kejì síhà ibi tó ti ń le. Ronú ẹ̀ báyìí: tí bóòtù yìí bá fẹ́ tú, ṣé wáyà á fà á padà àbí á bá a yí? Tó bá jẹ́ pé á bá a yí, gé e dànù. Tó o bá ti la bóòtù kejì kọjá, lọ́ ọ ní 3 sí 5 sí i, gé e, kó o wá ká ìrù ẹ̀ sínú, torí tó o bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó máa fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ẹ, ẹ̀jẹ̀ ni. Wáyà tó o bá ti tú kúrò, má tún un lò láé.

Ṣe 50. Kọ́kọ́ fi plier lásán ṣe é, kì í ṣe èyí tó ń yí fúnra ẹ̀, kí ọwọ́ ẹ lè mọ̀ ọ́n.

Láfẹnwá_Mótò

Àbúrò, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn aago 5. Dírìlì wà, báìsì wà, bóòtù kọ̀ndẹ́ḿ kún garawa. Èmi náà fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọ.

Àbíkẹ́_Texas

Kí n fi èyí kún un kó tó di pé mo sùn. Kọ iṣẹ́ ẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó o ṣe é gan-an, má ṣe sọ pé ó di ìparí oṣù. Ọjọ́, nọ́ńbà bàálù tàbí nọ́ńbà ẹ̀yà ara, ohun tó o ṣe, ojú ewé inú ìwé ìtọ́jú tó o tẹ̀ lé, iye wákàtí, ẹni tó wò ẹ́, ìbuwọ́lù ẹ̀ àti nọ́ńbà làísẹ́ǹsì ẹ̀. Má kọ "mo ṣe bíréèkì". Kọ pé o tú u, o wọn bó ṣe jẹ tó, o pààrọ̀ seal, o dán an wò. Tó bá jẹ́ pé o kàn ń wò ni, kọ pé o wò. Bàbá tí mo ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ kú kí n tó parí. Tí kì í bá ṣe pé ó ti ń buwọ́ lu tèmi ní Sátidé-Sátidé ni, ọdún mẹ́ta ìbá bá a wọ ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Háńgà

Háà, Àbíkẹ́. Ẹ kú àjálù bàbá yẹn. Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ.

Àbúrò, kí o sì bèèrè lọ́wọ́ NCAA fúnra wọn, ní kíkọ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ka wákàtí ẹni tó ń wá lópin ọ̀sẹ̀, kó o tó lo ọdún kan sí i. Tọ́jú èsì wọn.

Ọmọ_Ìtókù27

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo kọ lẹ́tà 6, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ fúnra mi torí ìmeèlì méjì tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó dáhùn. Géètì mẹ́ta ni wọn ò jẹ́ kí n wọlé, ọ̀kan gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi láì gbójú sókè. Méjì pè mí. Ọ̀kan ní kí n mú owó wá, mo dúpẹ́, mo lọ. Ìkejì, ṣọ́ọ̀bù táyà àti bíréèkì ni, AMO ni wọ́n, mo ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ wọn hàn mí, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín pé òun ò tíì rí ọmọ iṣẹ́ tó béèrè ìyẹn rí, ó sì fi í hàn mí. Sátidé, aago 9 sí 5, kò sówó, oúnjẹ ọ̀sán ló wà. Mo ti bẹ ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́, ó máa bá mi gba Sátidé tèmi, èmi á bá a gba ọjọ́ ọlídè. Mo ṣírò ẹ̀ bí Àǹtí Àbíkẹ́ ṣe ṣe é, á pẹ́ gan-an ni. Ìyàwó mi ní ṣé ọmọ táa fẹ́ bí yìí á ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì kó tó parí, mo ní rárá, á ṣì wà ní pírámárì.

Lockwire mi ti pé 38. Bọ̀dá Láfẹnwá ṣe 12, tiwọn dáa ju tèmi lọ, mi ò purọ́.

Ọ̀la ni mo bẹ̀rẹ̀. Kí ni mo gbọ́dọ̀ wọ̀?

Láfẹnwá_Mótò

Ọwọ́ àgbà ni o 😎

Ìyá_Ìbejì_Avionics

Bàtà tó ní irin lórí ìka, ṣòkòtò tí kò fẹ̀, má wọ agbádá wá o. Kó gbogbo ohun tó wà lápò àyà ẹ kúrò, bírò, fóònù, owó ṣẹ́ńjì. Yọ ṣéènì ọrùn. Yọ aago. Yọ òrùka ìgbéyàwó náà, kó o sọ fún ìyàwó ẹ lálẹ́ òní kó tó rí i pé kò sí lọ́wọ́ ẹ lọ́la.